Rà á lẹ́ẹ̀kan àbí máa san án lóṣooṣù: kí ló dé tí wọn ò fẹ́ ta sọ́fítíwíà mọ́?

Níjọ́sí mo fẹ́ ṣí fáìlì kan tí mo ti ṣe láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lógò tí mo yà fún ọ̀rẹ́ mi kan. Orí kọ̀ǹpútà mi ni fáìlì yẹn wà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yà á, kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sọ́fítíwíà náà gbérí, ó ń yí, ó ń yí, ó wá kọ ọ́ sójú mi pé àsìkò mi ti tán, kí n fi káàdì sí i kí n tó lè tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ lógò nìkan ni mo fẹ́ pààrọ̀ o. Mo san owó oṣù kan, mo pààrọ̀ nọ́ńbà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo wá gbàgbé láti kánsù ẹ̀, wọ́n bá yọ owó oṣù kejì. Èmi ni mo gbàgbé, mo mọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀ ná, a ṣì máa padà sí i.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé irú nǹkan báyìí ni pé kí ló dé tí wọn ò kàn ta nǹkan yìí fún èèyàn, kéèyàn sanwó kó máa lọ, bíi tàtijọ́? Èsì tó sì máa ń yá lẹ́nu ni pé ojúkòkòrò ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ojúkòkòrò ò sí ńbẹ̀. Àmọ́ ojúkòkòrò ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ó wà ńbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta sọ́fítíwíà nínú páálí tó jẹ́ pé CD lèèyàn máa rà lọ sílé. Ṣíṣe ọjà yẹn fúnra ẹ̀ ló ní wàhálà kan nínú tí tita-lẹ́ẹ̀kan ò fi bá a lára mu.

Ẹ wo káfíńtà. Ó ra pákó, ó ra ìṣó, ó kan àga, ó tà á, ó parí. Tẹ́ ẹ bá fi àga yẹn jókòó fún ogún ọdún, kò kan káfíńtà, kò ní náwó kankan sí i mọ́. Sọ́fítíwíà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ẹ̀ ló máa ń jẹ owó, àwọn tó ń kọ kóòdù lè gba owó oṣù fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ohun kan tó jáde, tó bá wá jáde tán, ẹ̀dà kejì títí dé ẹ̀dà mílíọ̀nù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná wọn ní nǹkan kan. Ibi tó ti dùn nìyẹn. Ibi tó ti korò ni pé iṣẹ́ ò parí lọ́jọ́ tí wọ́n tà á: Windows yí padà, fóònù tuntun jáde, ẹnì kan rí ihò tí olè lè gbà wọlé, àwọn èèyàn ń kọ̀wé pé ó ń há, pé kò tẹ̀wé bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa jókòó ti gbogbo ẹ̀. Owó wọlé lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ń bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, owó kọ́sítọ́mà tuntun ni wọ́n fi ń tọ́jú kọ́sítọ́mà àtijọ́, kò sì sóhun tó burú ńbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ṣì ń gbòòrò, àmọ́ ọjọ́ tí gbogbo ẹni tó máa rà á bá ti rà á tán, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i nígbà náà ni "ẹ̀dà tuntun ti dé". Bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì wọ́n á gbé nọ́ńbà tuntun lé e, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá fi owó díẹ̀ kún un kẹ́ ẹ gba tuntun. Ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń bá du ọjà níbẹ̀. Ẹ mú Photoshop, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe: ọ̀tá tó le jù tí Photoshop tuntun ní ni Photoshop àná tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń fi Word kọ lẹ́tà, kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi fà á lójú mọ́ra? Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to bọ́tìnnì lórí bọ́tìnnì tẹ́nikẹ́ni ò tẹ̀ rí, torí páálí tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tuntun tí wọ́n máa kọ sẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tí nǹkan bá wá le fún gbogbo ayé, irú ìnáwó yìí lèèyàn kọ́kọ́ máa ń sún síwájú. Adobe, iléeṣẹ́ tó ni Photoshop, jẹ ìyà ẹ̀ dáadáa: owó tó wọlé fún wọn ní 2008 lé ní bílíọ̀nù 3.5 dọ́là, nígbà tó máa di 2009 ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.95.

Adobe yìí kan náà ló wá ṣe èyí tí gbogbo ayé ṣì ń sọ títí dòní. Ní oṣù Karùn-ún 2013 wọ́n kéde pé CS6, àkójọ àwọn sọ́fítíwíà wọn bíi Photoshop, tó jáde ní 2012, ni ìgbẹ̀yìn èyí táwọn máa tà pátápátá, pé ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, Creative Cloud ni kó gbà, owó oṣooṣù sì ni. Àwọn èèyàn bínú, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ wo iye owó ọ̀hún: Master Collection tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ dọ́là 2,599, Creative Cloud jẹ́ dọ́là 49.99 lóṣù tẹ́ ẹ bá gbà láti dúró fún ọdún kan. Ìyẹn ni pé ó máa tó oṣù 52, ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀, kí owó méjèèjì tó dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè rí 2,599 kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí i pé ọ̀nà ṣí fóun. Ẹni tó ti ní ẹ̀dà tiẹ̀, tó sì fẹ́ máa lò ó títí táyé á fi sú u, rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ó kọ́kọ́ dun Adobe náà. Ẹni tí ì bá mú dọ́là 2,599 wá lójú ẹsẹ̀ wá ń mú 50 wá lóṣù, bẹ́ẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ò dúró de ẹnì kankan, wọ́n tún ní láti kọ́ sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kún un. Owó tó wọlé já láti bílíọ̀nù 4.40 ní 2012 sí 4.06 ní 2013, èrè wá já láti mílíọ̀nù 833 sí 290. Àwọn oníṣirò nínú iṣẹ́ yìí ń pè é ní gbígbé ẹja mì, torí tẹ́ ẹ bá ya ìlà owó tó ń wọlé àti ìlà owó tó ń jáde sórí bébà, ọ̀kan á tẹ̀ sísàlẹ̀, èkejì á wú sókè, wọ́n á tún wá pàdé níwájú, á dà bí ẹja tó nà gbalaja. Iléeṣẹ́ kékeré tí kò ní owó nípamọ́ lè kú sínú ikùn ẹja yẹn. Adobe gbé e mì ní tiẹ̀, ní 2024 owó tó wọlé fún wọn lé ní bílíọ̀nù 21.

(Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé sísan lóṣooṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kó tó di 1969, ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà máa ń bá kọ̀ǹpútà ńláńlá tí iléeṣẹ́ IBM ń ṣe wá, ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń yá a lò ni, wọ́n ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni IBM kéde pé àwọn máa ya owó sọ́fítíwíà sọ́tọ̀, oṣooṣù náà ni wọ́n sì ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké dé ni rírà-pátá wá gbilẹ̀, tí Bill Gates tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ kọ lẹ́tà ìta gbangba ní oṣù Kejì 1976 pé àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ń jí iṣẹ́ àwọn lò. Nítorí náà, àsìkò páálí tí a ń pè ní "bó ṣe yẹ kó rí" ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò kékeré kan, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní sọ́fítíwíà kan jẹ́ dọ́là 120 tẹ́ ẹ bá rà á pátá, ẹ̀dà tuntun ń jáde lọ́dún méjì-méjì, dọ́là 60 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀, àbí kéèyàn máa san dọ́là 5 lóṣù. Ẹni tó ní iṣẹ́ oṣù mẹ́ta péré tó fẹ́ fi ṣe, dọ́là 15 ló máa ná, ó ti jèrè. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun kan kọjá lọ, láàárín ọdún márùn-ún á san 120, á fi 60 kún un lẹ́ẹ̀mejì, ó di 240, tó bá jẹ́ oṣooṣù ó di 300; ìyàtọ̀ wà, kì í ṣe èyí tó máa gbé e ṣubú. Ó wá ku ẹnì kẹta, ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan tó jókòó tì í. Dọ́là 120 ló ná fún ọdún mẹ́wàá, oṣooṣù á gba 600 lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni yìí gan-an ni wọ́n ń dọdẹ, torí òun ló ti sanwó tán tó ṣì ń béèrè pé kí wọ́n tún nǹkan ṣe.

Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, ohun tí wọ́n máa ń wò jù ni iye èèyàn tó ń fi wọ́n sílẹ̀ lóṣù. Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ lóṣooṣù, a jẹ́ pé ẹnì kan á dúró tó bí oṣù 20, dọ́là 100 ni wọ́n máa rí lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó lọ, kò tiẹ̀ tó 120 ti àtijọ́. Tó bá jẹ́ méjì ló ń lọ, á dúró tó oṣù 50, ó di dọ́là 250. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: wọn ò fowó lé ọjà, wọn ò fi nǹkan kan kún iṣẹ́, èèyàn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kàn dá dúró, owó sì fò ju ìlọ́po méjì lọ. Wọ́n lè dá àwọn mẹ́ta yẹn dúró nípa ṣíṣe ọjà tó dáa débi tí kò ní wù wọ́n láti lọ. Wọ́n sì lè gbé ilẹ̀kùn àbájáde pamọ́. Ìkejì yẹn ò wọ́n rárá.

Ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé lọ kọ́ọ̀tù nípa Adobe ní oṣù Kẹfà 2024 nìyẹn: pé ètò tí àwọn èèyàn rò pé oṣù dé oṣù ni, ọdún kan gbáko ni, oṣooṣù ni wọ́n kàn ń pín owó ẹ̀ san, tẹ́nì kan bá fẹ́ jáde kí ọdún tó pé, wọ́n á gba ìdajì owó tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sábẹ́ àwọn lẹ́tà wínníwínní. Adobe ní àwọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, iléeṣẹ́ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ ṣe òfin pé bó bá ṣe rọrùn tó láti wọlé ni kó ṣe rọrùn láti jáde, kọ́ọ̀tù fagi lé e ní oṣù Keje 2025 torí wọ́n ní wọn ò tẹ̀lé ìlànà tó yẹ kí wọ́n tó gbé e jáde. Owó oṣù kejì tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi, inú ìṣirò yìí náà ló wà. Àwa tá a máa ń gbàgbé, wọ́n ti kà wá mọ́ ọn látilẹ̀.

Èmi ò rò pé owó ló tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ní láti máa bẹ ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n ń tà á, iléeṣẹ́ ló ń wá mi wá lọ́dún méjì-méjì, òun ló gbọ́dọ̀ yí mi lọ́kàn padà, tí mi ò bá dáhùn, mo ní èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, tí mi ò bá ṣe nǹkan kan, owó ń lọ, tí mo bá sì ní mi ò san mọ́, irinṣẹ́ lọ, nígbà míì iṣẹ́ tí mo ti ṣe sẹ́yìn náà á há sínú fáìlì tí nǹkan míì ò lè ṣí. Ayálégbé ò lè bá onílé ná owó bí ẹni tó ní ilé tiẹ̀ ṣe lè ná an.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Venezuela. Oṣù Kẹwàá 2019, Adobe kọ̀wé sáwọn tó ń lò ó níbẹ̀ pé gbogbo àkáǹtì wọn làwọn máa tì pa kí oṣù tó parí, torí àṣẹ tí ààrẹ Amẹ́ríkà pa nípa ìjọba ilẹ̀ yẹn, wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ ní àwọn ò lè dá owó padà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá wọ́n gba ìyọ̀ǹda, wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn máa lò ó lọ. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan yẹn, ayàwòrán tó ń fi nǹkan yìí jẹun kàn jókòó ni, ó ń wo kàlẹ́ńdà. Ẹni tí CS6 wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Tàwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. VMware ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pín ẹ̀rọ kan sí kọ̀ǹpútà púpọ̀, ó ti wọ inú eegun iṣẹ́ wọn. Iléeṣẹ́ Broadcom ra VMware ní oṣù Kọkànlá 2023, oṣù Kejìlá ò tíì parí tí wọ́n fi kéde pé àwọn ò ta láísẹ́ǹsì àìlópin (àṣẹ láti máa lò ó títí láé) mọ́, subscription, ìyẹn sísanwó lóòrèkóòrè, nìkan ló kù. Ẹni tó ti ra tiẹ̀ ṣì ní i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa bá a tún un ṣe? AT&T, iléeṣẹ́ fóònù ńlá ní Amẹ́ríkà, gbé wọn lọ kọ́ọ̀tù lórí ìtọ́jú yẹn ní 2024 kí wọ́n tó wá yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Iléeṣẹ́ tó tó AT&T! Àwa tá a ń fi káàdì kan san dọ́là mẹ́wàá, ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Ọ̀rọ̀ "mo rà á" gan-an ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ tó bá a ṣe rò. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ra AutoCAD àlòkù, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé, ó gbé e sí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lè tún un tà, Autodesk tó ṣe é ní kò lẹ́tọ̀ọ́, ní 2010 kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn sọ pé wọn ò tà á fẹ́ni àkọ́kọ́ pàápàá, wọ́n kàn gbà á láyè kó máa lò ó ni. Kọ́ọ̀tù ilẹ̀ Yúróòpù wá gbà á síbòmíì ní oṣù Keje 2012, nínú ẹjọ́ Oracle tó ń ṣe sọ́fítíwíà àti UsedSoft tó ń ta láísẹ́ǹsì àlòkù: wọ́n ní tẹ́nì kan bá sanwó lẹ́ẹ̀kan fún láísẹ́ǹsì tí kò lọ́jọ́ òpin, ọjà títà nìyẹn, ó sì lè tún un tà. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n sọ pé kò lọ́jọ́ òpin. Èyí tó bá jẹ́ oṣooṣù ò sí lábẹ́ ìdájọ́ yẹn, ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ bá bọ́ sí subscription, ọjà àlòkù kú fúnra ẹ̀, kò nílò lọ́yà kankan.

Ṣé kò wá sí ibi tí wọ́n ti ṣe é tó dáa ni? Ó wà. JetBrains, iléeṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Czech tó ń ṣe irinṣẹ́ fáwọn tó ń kọ kóòdù, kéde subscription ní oṣù Kẹsàn-án 2015, àwọn tó ń kọ kóòdù kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, wọ́n pariwo débi pé kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí iléeṣẹ́ náà fi tún ètò ọ̀hún tò. Wọ́n ní ẹni tó bá ti san oṣù méjìlá, ẹ̀dà tó wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ oṣù méjìlá yẹn ti di tiẹ̀ títí láé, tó bá dáwọ́ owó dúró kó máa lo ìyẹn. Ẹ̀dà yẹn á ti gbó díẹ̀, àmọ́ á ṣí fáìlì yín. Lójú tèmi, kò tíì sí ètò tó dáa tó èyí: iléeṣẹ́ ń rí owó tó ń wọlé déédéé tó fi ń san owó àwọn òṣìṣẹ́, ó sì tún gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan gidi torí kọ́sítọ́mà lè dìde lọ láìfi irinṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó tẹ̀lé wọn ò pọ̀. Àbí kò yà mí lẹ́nu.

Affinity, tó ń ṣe sọ́fítíwíà àwọn ayàwòrán bíi ti Adobe, náà gbìyànjú tiẹ̀, ó pẹ́ tí wọ́n fi ń polongo pé rà-á-lẹ́ẹ̀kan làwọn, subscription kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Canva, iléeṣẹ́ tí èèyàn fi ń ya àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rà wọ́n ní 2024, ní oṣù Kẹwàá 2025 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Inú mi dùn, mo gbà á sórí kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ ọ̀hún: àwọn tó ń san Canva lóṣooṣù ni, ohun AI (ọpọlọ àtọwọ́dá) inú ẹ̀ sì ń bẹ fún àwọn yẹn nìkan.

AI yìí ló máa da gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè rú. Mo ní ẹ̀dà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná iléeṣẹ́ ní nǹkan kan, òótọ́ ni fún Word, kì í ṣe òótọ́ fún ohun tó ń dáhùn ìbéèrè. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀rọ kan ń gbóná níbì kan, iná ń jó, owó ń lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣeé tà lẹ́ẹ̀kan láéláé, oṣooṣù tọ́ sí i. Wàhálà ni pé wọ́n fẹ́ fi dì í mọ́ ohun tí kò nílò ẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, Microsoft fi dọ́là 3 kún owó oṣù Microsoft 365, tí Word wà nínú ẹ̀, fáwọn tó ń lò ó nílé, ẹni tó ń san 6.99 bẹ̀rẹ̀ sí í san 9.99, torí wọ́n ti fi Copilot, AI tiwọn, sí i. Ètò àtijọ́ tí kò ní Copilot ṣì wà nígbà náà o, Classic ni wọ́n sọ ọ́. Àmọ́ iléeṣẹ́ ACCC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Australia gbé Microsoft lọ kọ́ọ̀tù ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n ní lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.7 kò dárúkọ Classic rárá, pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kánsù nìkan ló máa rí i. Microsoft tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn máa dá owó padà fún ẹni tó bá fẹ́ padà sí Classic.

Títí di ìsinsìnyí náà, Microsoft ṣì ń ta Office 2024, tí Word wà nínú ẹ̀ náà, lẹ́ẹ̀kan. Dọ́là 149.99 ni nígbà tó jáde ní 2024, fún kọ̀ǹpútà kan, kò sí Copilot, kò sí ààyè ìkó-fáìlì-sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀ dé oṣù Kẹwàá 2029. Tẹ́ ẹ bá fi 9.99 pín in, owó oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ẹ kàn máa wá a díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i.